Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Àwòrán Oyin Lórí Òdòdó Nínú Ọgbà Ilé Yín

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé máa ń bi wá ní gbogbo ìgbà tí òdòdó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná: "Mo rí oyin lórí òdòdó, mo gbé kámẹ́rà sókè, mo tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan dúdú kan tó rí bàìbàì ni mo bá nínú àwòrán. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ̀nà?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kámẹ́rà. Oyin ni ẹni náà ń lé kiri. Kòkòrò tí ìyẹ́ rẹ̀ ń lu afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 230 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ lé bá. Òdòdó ni ẹ ó yàn, òdòdó ni ẹ ó dojú kámẹ́rà kọ, òdòdó náà ni ẹ ó sì dúró tì títí oyin yóò fi wá bá yín níbẹ̀. Orí èyí ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

## Kí ẹ tó jáde: ààbò yín àti ti oyin

Oúnjẹ ni oyin tó wà lórí òdòdó ń wá. Kò sí ilé tó ń ṣọ́ níbẹ̀, nítorí náà kì í sábà ta ènìyàn, àyàfi bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá gbá a, tàbí tí ó bá há sínú aṣọ. Ilé oyin gan-an ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀pọ̀ oyin ń wọlé, tí wọ́n ń jáde nínú ihò igi, ihò ògiri tàbí abẹ́ òrùlé, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má sì ṣe dúró sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fò, bó ti wù kí òdòdó tó wà níbẹ̀ lẹ́wà tó.

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó wọ inú ọgbà:

- Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ títàn tó bo apá àti ẹsẹ̀. Aṣọ dúdú àti aṣọ onírun máa ń mú oyin bínú, pàápàá nítòsí ilé rẹ̀.
- Bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí pé oyin máa ń bà lé òdòdó kéékèèké inú koríko, ẹni tó sì wọ bàtà ìta lásán lè tẹ̀ ẹ́.
- Kò sí lọ́fínńdà, kò sí ìpara olóòórùn líle.
- Òdòdó tí wọn kò fi oògùn apakòkòrò fín. Bí wọ́n bá ti fín in, ẹ fi ọgbà náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí oyin àti nítorí ara yín.
- Ẹni tí oró oyin máa ń ṣe lára ju bó ṣe yẹ lọ kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú ọgbà, oògùn tí dókítà kọ fún un sì gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀.

Bí oyin bá ta yín, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kù sínú awọ ara, àpò oró tó so mọ́ ọn á sì máa fún oró wọlé lọ. Ẹ fi èékánná ha á kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; kíá tí ẹ bá yọ ọ́ ló ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tí ẹ gbà yọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò ní ojú ibẹ̀, torí pé oyin tó tani máa ń fi òórùn kan sílẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Bí ojú tàbí ọ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí mímí ń nira, tàbí tí òòyì ń kọ́ ẹni náà, ilé ìwòsàn ló kàn láìfi àkókò ṣòfò.

## Irinṣẹ́

Ẹ kò nílò irinṣẹ́ olówó gọbọi. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

- Kámẹ́rà tó ní lẹ́ǹsì macro, ìyẹn lẹ́ǹsì tí a ṣe fún yíya ohun kéékèèké láti itòsí, ló rọrùn jù. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 90 sí 105 dára ju ti 50 tàbí 60 lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí àyè wà láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti oyin.
- Lẹ́ǹsì lásán pẹ̀lú òrùka àfikún tí a ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì. Kò ní gíláàsì nínú, nítorí náà kì í ba àwòrán jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè ya ohun tó jìnnà.
- Lẹ́ǹsì gígùn tí a fi ń ya ẹyẹ. Ẹ lè dúró lókèèrè, oyin kò sì ní mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù oyin ni mo máa ń dárúkọ èyí fún.
- Fóònù. Mo ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún un nísàlẹ̀.

Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbí. Kí ẹ tó tún un tò tán, oyin á ti lọ. Ọ̀pá kan ṣoṣo tí ẹ fi gbé ọwọ́ ró sàn jù ú lọ.

## Yíyan òdòdó

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹni tó bá mọ òdòdó yàn lè fi kámẹ́rà tí kò tó nǹkan ya àwòrán tó dára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn, ewé ni yóò máa yà.

Iṣẹ́ méjì ló ń gbé oyin wá sórí òdòdó. Bí ó bá wá fa omi dídùn, á ki ahọ́n rẹ̀ bọ inú òdòdó, á dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ ó sì rí i tí ikùn rẹ̀ ń sún síwá-sẹ́yìn bó ṣe ń mu ún. Àsìkò yẹn ni kí olùbẹ̀rẹ̀ tẹ kámẹ́rà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó ló wá kó, kì í fara balẹ̀: á máa sáré yí orí òdòdó ká, á máa fi ẹsẹ̀ nu ara rẹ̀, á sì máa ṣù ú mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, títí tí òkìtì kékeré aláwọ̀ ìyeyè yóò fi wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Àwòrán irú èyí lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́.

Òdòdó sunflower dára fún ìkọ́ṣẹ́. Ojú rẹ̀ gbòòrò, oyin á sì pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe òdòdó kan ṣoṣo: ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló pé jọ síbẹ̀, láti etí ni wọ́n sì ti ń là wọ àárín, òbìrí kan lẹ́yìn òmíràn. Òbìrí tó ní lẹ́búlẹ́bú tútù lónìí ni oyin máa ń tẹ̀ lé yípo. Ẹ wá òbìrí náà, ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì sí i (ìyẹn ni pé kí ẹ to lẹ́ǹsì kí ibẹ̀ lè mọ́ kedere) ní apá ibi tí oyin yóò ti kọjú sí yín, kí ẹ sì dúró.

Òdòdó ẹ̀lẹ́gẹ́dé yàtọ̀. Ìdájí ló ń là, á sì ti pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Oyin máa ń wọ inú rẹ̀ pátápátá, ẹ kò ní rí nǹkan kan ju ìdí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń jáde bọ̀, lẹ́búlẹ́bú á ti bo gbogbo ara rẹ̀, á sì sábà dúró díẹ̀ ní ẹnu òdòdó láti nu ojú rẹ̀. Ẹnu òdòdó náà ni kí ẹ dojú kámẹ́rà kọ, kì í ṣe inú rẹ̀. Efinrin tó ti yọ òdòdó náà dára, nítorí pé òdòdó rẹ̀ pọ̀ lórí ẹ̀ka kan, oyin kan ṣoṣo sì lè lo àkókò gígùn lórí igi kan.

Ẹ fi òdòdó tí wọ́n ti mú kí ewé rẹ̀ di ìpele-ìpele sílẹ̀. Ó lè wuni lójú, ṣùgbọ́n omi dídùn àti lẹ́búlẹ́bú kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, oyin kì í sì í fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí oríṣi òdòdó tí oyin ń bẹ̀ wò, ẹ kíyè sí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Oyin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí irú òdòdó kan sábà máa ń tẹ̀ lé irú òdòdó yẹn nìkan ní ìrìn àjò kan. Bí ó bá kúrò lórí èyí tó wà níwájú yín, ẹ má wo òdòdó mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo irú rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù.
2. Oyin máa ń fi òórùn sàmì sí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán. Bí òmíràn bá wá, tó ràbàbà níwájú rẹ̀, tó sì pẹ̀yìn dà láìbà, kì í ṣe pé ẹ lé e lọ. Nítorí èyí, ibi tí òdòdó pọ̀ sí ni kí ẹ dúró sí, ẹ má dúró ti ẹyọ kan ṣoṣo.
3. Oyin máa ń rántí àkókò. Ibi tó bá ti rí oúnjẹ ní òwúrọ̀ òní, àsìkò kan náà ló máa ń padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀.
4. Ẹ wo ẹ̀yìn òdòdó náà. Bí ògiri, okùn aṣọ tàbí ọpọ́n bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yí ibi tí ẹ dúró sí padà. Ewé tútù tó jìnnà díẹ̀ sí òdòdó ló dára jù fún ẹ̀yìn àwòrán.

## Àkókò àti ìmọ́lẹ̀

Wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ló dára jù. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì le, afẹ́fẹ́ kì í sábà pọ̀, ara oyin kò sì tíì yá tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius lọ, oyin kì í sábà jáde rárá. Bẹ́ẹ̀ ni bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ìjì ń jà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n òdòdó mìíràn á ti pa dé.

Bí ó bá di dandan kí ẹ ya àwòrán ní ọ̀sán gangan, oòrùn á mú kí ewé òdòdó funfun tàn báláú, á sì mú kí ojú oyin ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín oòrùn àti òdòdó kí oyin tó dé, kí ó má ṣe jẹ́ ìgbà tó bá ti dé. Òjìji tó bá ṣàdédé bọ́ lé e lórí ló ń lé oyin lọ ju ohunkóhun lọ. Èyí kan òjìji ti ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú: ẹ máa wo ibi tí ó ń bọ́ sí kí ẹ tó sún síwájú.

Bí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí díẹ̀ lẹ́yìn òdòdó, ìyẹ́ oyin á máa tàn, irun ara rẹ̀ á sì hàn fínnífínní. Ẹ gbé bébà funfun kan sí ìsàlẹ̀ òdòdó, ní ìhà ọ̀dọ̀ yín, kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú oyin.

## Bí ẹ ó ṣe to kámẹ́rà

Ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí, tó sì ń pa dé. Fún oyin tó dúró tó ń mu omi òdòdó, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lè tó. Fún èyí tó ń rìn kiri, ẹ lo 1/1000. Fún èyí tó ń fò, 1/2000 ni ìbẹ̀rẹ̀, 1/4000 sì dára jù ú lọ. Ní 1/1000, ìyẹ́ oyin á ti rin nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo rẹ̀ kí ṣọ́tà tó pa dé, ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ fi ń rí bàìbàì nígbà tí ara oyin mọ́ kedere. Mi ò ka ìyẹn sí àbùkù. Ó ń fi hàn pé ohun alààyè ni.

Ojú lẹ́ǹsì. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe kéré tó. Ẹ lo f/8 sí f/11. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣí i sí f/2.8 kí ẹ̀yìn àwòrán lè rọ̀, wọ́n á sì rí i pé irun orí oyin nìkan ló mọ́. Bí oyin bá hàn ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lójú sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) ti kámẹ́rà ńlá, ohun tó máa mọ́ kedere ní f/8 kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ oyin fúnra rẹ̀ gùn tó mìlímítà 12 sí 15. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn títí ó fi kéré sí ìdajì, ibi tó mọ́ yóò fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má sún mọ́ ọn jù; ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì gé etí àwòrán náà kúrò lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá kọjá f/16, gbogbo àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

ISO. Èyí ni bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yan ISO fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi 1600 ṣe òpin rẹ̀, tàbí 3200 bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ tuntun. Àwòrán tó ní àmì wínníwínní bí iyanrìn díẹ̀ nínú ṣì wúlò. Èyí tó mì kò ní àtúnṣe.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Lórí òdòdó yẹ́lò tàbí pupa, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1/3 tàbí -2/3 lórí ètò +/- kámẹ́rà, torí pé àwọ̀ wọ̀nyí tètè máa ń kún àkúnya, ìlà ewé òdòdó á sì pòórá.

Yíya léraléra. Ẹ tò ó kí kámẹ́rà lè máa ya àwòrán léraléra níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá wà lórí bọ́tìnì.

## Ìgbésẹ̀ yíyà gan-an

1. Ẹ dúró tàbí kí ẹ jókòó sí ibi tí lẹ́ǹsì yóò ti wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú òdòdó. Láti òkè, ẹ̀yìn oyin nìkan ni ẹ ó rí. Láti ìpele ojú rẹ̀ ni ó ti máa ń jọ ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́.

2. Bí afẹ́fẹ́ bá ń mi òdòdó, ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi òwú so ọ̀pá òdòdó mọ́ ọn ní ìsàlẹ̀ níbi tí kò ti ní hàn nínú àwòrán. Ẹ má so ó le.

3. Ẹ ya òdòdó náà láìsí oyin lórí rẹ̀. Ẹ wo àwòrán náà lójú kámẹ́rà: ṣé ìmọ́lẹ̀ tó, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ṣé ìyára ṣọ́tà kò lọ sílẹ̀? Ibi yìí ni kí ẹ ti ṣe gbogbo àtúnṣe. Nígbà tí oyin bá dé, ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun bí kò ṣe bọ́tìnì.

4. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì sí ti àfọwọ́ṣe, kí ẹ fi sí apá òdòdó tí oyin yóò bà sí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ máa ń dààmú nígbà tí nǹkan bá sún mọ́ ọn. Bí ti yín bá yára, tó sì mọ ojú kòkòrò, ẹ lè lò ó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò.

5. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gún ẹ̀gbẹ́ tàbí orúnkún yín, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí èémí yín fẹ́ sí orí òdòdó, nítorí pé èémí ènìyàn máa ń da oyin láàmú.

6. Nígbà tí oyin bá bà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ki orí bọ òdòdó. Oyin tó ti ń jẹun kì í ka ìrìn díẹ̀díẹ̀ sí.

7. Ẹ sún gbogbo ara yín síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀n bíńtín títí ojú oyin yóò fi mọ́ kedere. Ojú ńlá méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ojú bá mọ́, ẹni tó ń wo àwòrán á dárí ji ohun tó kù. Bí ojú kò bá mọ́, kò sí ohun tó lè gbà á sílẹ̀.

8. Ẹ tẹ bọ́tìnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹ ṣe ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Láàárín àwòrán mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọ̀kan á bọ́ sójú ibi tó yẹ.

9. Bí ẹ bá ti rí èyí tó mọ́, ẹ wá igun mìíràn. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú lẹ́ǹsì bá gígùn ara oyin dọ́gba, kí orí, àyà àti ikùn lè mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti iwájú, ẹ ó rí ahọ́n àti ìwo rẹ̀ méjèèjì.

10. Bí oyin bá lọ, ẹ má tẹ̀ lé e. Òmíràn ń bọ̀.

## Fún ẹni tó ń lo fóònù

Fóònù lè ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn kan. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ètò macro máa ń lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù lọ, èyí tó ń fẹ́ kí ẹ sún mọ́ nǹkan tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá sún mọ́ oyin tó bẹ́ẹ̀, òjìji fóònù á bò ó, á sì fò lọ. Ohun tó sàn jù nìyí:

1. Ẹ nu ojú lẹ́ǹsì. Ọ̀rá ìka ọwọ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ àwòrán fóònù jẹ́.
2. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ǹsì 2x tàbí 3x, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fà sẹ́yìn. Ẹ wo inú ètò kámẹ́rà bóyá ẹ lè pa macro tó ń dé fúnra rẹ̀.
3. Ẹ fi ìka tẹ òdòdó lójú fóònù, kí ẹ má sì gbé e títí tí yóò fi fi hàn pé fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ ti dúró sójú kan.
4. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.
5. Ẹ lo bọ́tìnì ohùn láti ya àwòrán léraléra, kí fóònù má baà mì.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ya fídíò 4K ní ojú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, kí ẹ sì yọ àwòrán kan nínú rẹ̀. Àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi mẹgapísẹ́lì 8, ó sì tó láti fi ránṣẹ́ tàbí láti tẹ̀ sórí bébà kékeré. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, fídíò á mì bí àwòrán ṣe ń mì.

## Oyin tó ń fò

Ẹ fi èyí sílẹ̀ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ti orí òdòdó. Kí oyin tó bà, ó sábà máa ń ràbàbà díẹ̀ níwájú òdòdó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì sí: àyè òfìfo tó wà níwájú òdòdó, kì í ṣe òdòdó fúnra rẹ̀. Ẹ na ìka yín sí ibẹ̀, ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì sí ìka náà, kí ẹ mú un kúrò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà nígbà tí oyin bá ń wọlé bọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ẹ ó parẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí fún gbogbo ènìyàn.

Fíláàṣì lè dá ìyẹ́ dúró gbọnyin. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí 1/16 tàbí 1/32, nítorí pé bí agbára bá ṣe kéré tó ni ìtànná rẹ̀ ṣe kúrú tó, ó sì lè kúrú ju 1/10000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ fi bébà tàbí aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà dán bí dígí lẹ́yìn oyin. Abẹ́ ibòji ni èyí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa; lójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á tún ya òjìji kejì sínú àwòrán náà.

## Àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Àwọn kan máa ń gbé oyin sínú fíríìjì kí ó lè dákẹ́, wọ́n á sì gbé e lé òdòdó. Ìwà ìkà ni, ẹni tó bá sì mọ oyin á ti rí i lára ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kì í ṣe òun ló gbé ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má ta omi ṣúgà sórí òdòdó: èèrà ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ má sì ta oyin inú ìgò síbẹ̀, nítorí pé ó lè ní kòkòrò àìsàn tí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan ṣùgbọ́n tí ó lè pa ọmọ oyin nínú afárá.

## Bí àwòrán kò bá dára, ẹ wo ibí

- Òdòdó mọ́, oyin kò mọ́, ẹ̀yìn oyin ní ìlà gígùn: ìyára ṣọ́tà ti lọ sílẹ̀ jù.
- Gbogbo àwòrán ló rí bàìbàì: ọwọ́ yín ló mì tàbí afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Ẹ wo ìgbésẹ̀ 2 àti 5.
- Ìdí oyin mọ́, ojú kò mọ́: fókọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì yí sí ẹ̀gbẹ́.
- Oyin dúdú bí èédú lórí òdòdó funfun: òdòdó ló tan kámẹ́rà jẹ. Ẹ fi bébà funfun da ìmọ́lẹ̀ padà, tàbí kí ẹ yan òdòdó tí àwọ̀ rẹ̀ jìn díẹ̀.
- Oyin ń sá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: òjìji yín, èémí yín, tàbí ìyára yín ni.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ohun tí ẹ yà kì í ṣe oyin. Eṣinṣin kan wà tó ní ìlà yẹ́lò àti dúdú, tó sì máa ń ràbàbà lórí òdòdó. Ìyẹ́ méjì péré ló ní, ìwo rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ sì gba gbogbo orí. Oyin ní ìyẹ́ mẹ́rin, ìwo rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ díẹ̀. Agbọ́n ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní irun lára, ìbàdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́.

## Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé

1. Ẹ pa gbogbo àwòrán tí ojú oyin kò ti mọ́ rẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn èyíkéyìí nínú wọn.
2. Ẹ gé etí àwòrán kí àyè lè wà níwájú oyin, ní ìhà ibi tó kọjú sí.
3. Ẹ gbé ibi tó ṣókùnkùn lójú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí etí àwọn ìlà inú àwòrán náà mú jù. Irun oyin á dà bíi wáyà.
4. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ òdòdó sára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú oyin tó jẹ́, ẹ lè fi àwòrán náà sórí ìkànnì iNaturalist, níbi tí àwọn tó mọ kòkòrò yóò ti bá yín wò ó. Ẹ fi àwòrán ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn àti ti ojú ránṣẹ́ pọ̀, kí ìyẹ́ ṣí sílẹ̀ nínú ọ̀kan ó kéré tán, nítorí pé ìlà inú ìyẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá oyin kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.